Ìjì Lójú Agbami: Ọ̀nà Rẹ̀ Ti Ń Hàn, Agbára Rẹ̀ Ló Kù

Ìbéèrè méjì ni àwọn tó ń gbé etí òkun ní Florida, ní Kúbà, ní Jàmáíkà àti ní Texas máa ń bi àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ nígbà tí ìjì hurricane bá ti gbéra lójú agbami. Ibo ló ń lọ? Báwo ni yóò ti lágbára tó nígbà tó bá débẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ẹni tó bá mọ ìdáhùn ìkíní ti mọ ti ìkejì nìyẹn, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ìkíní, wọ́n ti gbìyànjú gan-an lórí rẹ̀ láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ó sì ti so èso. Ti ìkejì ṣì ń da àwọn ọ̀gá ìmọ̀ náà láàmú. Ẹni tó bá ń gbé ibi tí ìjì ti ń jà, tí kò sì mọ ìyàtọ̀ yìí, lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tàfàlà.

Ìjì Irma ti ọdún 2017 ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí apá ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹ̀ wá. Nígbà òjò, ilẹ̀ Sàhárà a máa gbóná janjan, ṣùgbọ́n òjò àti ìkùukùu kì í jẹ́ kí ilẹ̀ etí òkun láti Èkó dé Cotonou dé Lomé gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ ooru yìí ló ń bí afẹ́fẹ́ alágbára kan tó ń sáré láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin sókè. Afẹ́fẹ́ náà kì í lọ tààrà. Ó ń ru lọ ní ìgbì ìgbì. Ìgbì kan lè gbéra láti ìhà Sudan, kó gba orí Chad àti àríwá Nàìjíríà kọjá sí Niger àti Mali, kó wá jáde sójú òkun létí Senegal. Bí ọgọ́ta irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ló ń jáde lọ́dọọdún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn a sì ṣègbé sójú omi láì di nǹkan kan. Ṣùgbọ́n inú àwọn díẹ̀ tó kù ni nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìjì tó le jù lórí òkun Àtìláńtíìkì ti ń wá. Èkó kì í rí hurricane nítorí pé ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì náà ń dorí kọ, ẹ̀yìn ló ń kọ sí wa, ó sì di ojú omi jíjìn kó tó di ìjì.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 2017, ọ̀kan nínú àwọn ìgbì yìí kúrò ní etíkun Áfíríkà. Ní ọjọ́ 30, ó ti di ìjì tó lórúkọ ní ìwọ̀-oòrùn àwọn erékùṣù Cape Verde. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 31 fi máa ṣú, ó ti wọ Category 3. Orí àkàsọ̀ onípele márùn-ún tí wọ́n fi orúkọ Saffir àti Simpson pè ni wọ́n ti ń ka iye yìí: ìjì tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ti tó kìlómítà 119 ní wákàtí kan ti wà ní ipele kìíní, 178 ni ipele kẹta ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá tó 252 ti wà ní ipele karùn-ún, kò sì sí òmíràn lókè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni àkàsọ̀ yìí ń wọ̀n. Kò sọ ohunkóhun nípa omi, bẹ́ẹ̀ omi ló ń pa ènìyàn jù.

Kí ìgbì tó lè di ìjì báyìí, omi òkun gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 26.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í ṣe lójú nìkan, ó yẹ kó gbóná wọlẹ̀ dé bí àádọ́ta mítà. Afẹ́fẹ́ tó yí i ká gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin. Afẹ́fẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fẹ́ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ya orí ìjì kúrò lára rẹ̀.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé kò sí ẹlẹ́rìí. Lójú agbami kò sí ilé iṣẹ́ ojú-ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi tó bá ti gbọ́ pé ìjì ń bọ̀ á yà fún un. Nítorí náà, ojú tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń rí i ni ti sátẹ́láìtì, tó wà ní nǹkan bí 35,800 kìlómítà lókè. Ní àwọn ọdún 1970, ará Amẹ́ríkà kan, Vernon Dvorak, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí ènìyàn fi lè wo àwòrán ìkùukùu kó sì sọ agbára ìjì: báwo ni ìkùukùu náà ṣe ká mọ́ra tó, báwo ni orí rẹ̀ ṣe tutù tó, ṣé ojú ìjì ti là ní àárín rẹ̀? Òǹwòye á fún un ní nọ́ńbà láti 1 dé 8. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni, òun sì ni wọ́n ṣì ń lò fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìjì ayé títí dòní. Síbẹ̀, ojúlówó òǹwòye méjì lè wo àwòrán kan náà kí nọ́ńbà wọn má dọ́gba.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán ènìyàn lọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje 1943, Joseph Duckworth, olùkọ́ awakọ̀ òfurufú ológun, fi bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan wọ inú ìjì kan nítòsí Galveston, ó sì bọ̀ láàyè. Lónìí, iṣẹ́ òjòjúmọ́ ni fún ẹ̀ka ológun òfurufú tó wà ní Keesler, ní Biloxi, Mississippi, àti fún àwọn bàálù NOAA, àjọ òkun àti ojú-ọjọ́ ti Amẹ́ríkà, tó wà ní Lakeland, Florida.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bàálù WC-130J á máa fò ní nǹkan bí mítà 3,000 sókè, á dá ìjì náà kọjá láti etí kan dé èkejì, á yí padà, á tún dá a kọjá láti apá mìíràn. Nígbà tó bá ń la ògiri ojú ìjì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti le jù, òjò á máa na gíláàsì, bàálù á máa gbọ̀n, kò ní sí ẹni tó ń rí òde. Lójijì á yọ sínú ojú ìjì, afẹ́fẹ́ á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, nígbà mìíràn oòrùn á ràn. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ kan á ti ju ohun èlò gbọọrọ kékeré kan sísàlẹ̀ láti inú ihò kan nídìí bàálù. Páráṣúùtì kékeré á là lórí rẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi ń já bọ̀, lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni yóò máa rán ìròyìn ooru, ọ̀rinrin àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó padà sókè, á sì tún máa sọ bí atẹ́gùn ṣe ń gbá òun fúnra rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà á rì sínú òkun.

Nínú gbogbo iye tó bá rán wá, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ojú omi mọ́lẹ̀ ní àárín ìjì ni wọ́n ń retí jù. Ní ọjọ́ tí nǹkan bá rọ̀, iye yẹn máa ń wà ní nǹkan bí millibar 1,013. Ti Irma já wálẹ̀ dé 914. Ti Wilma, ní ọdún 2005, dé 882, kò sì tíì sí ìjì Àtìláńtíìkì kankan tí wọ́n wọ̀n tó kéré jù bẹ́ẹ̀. Bí iye náà bá ń wálẹ̀ láti ìgbà kan tí bàálù la àárín kọjá dé ìgbà kejì, ìjì ń le sí i nìyẹn, ohun yòówù kí ìkùukùu máa sọ lókè. Ohun èlò mìíràn wà lábẹ́ bàálù tó ń wo fóòmù funfun tí atẹ́gùn ń hó sójú omi, láti inú bí fóòmù náà ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń mọ agbára afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀. Mo ka iṣẹ́ àwọn awakọ̀ wọ̀nyí sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó níyì jù láyé, torí nígbà tí ẹlòmíràn ń sá kúrò, àwọn ni wọ́n ń wọlé.

NOAA tún ní bàálù jẹ́ẹ̀tì kan tí kì í sábà wọ ojú ìjì. Òkè ló ń gbà, ní bí mítà 13,000, yíká ìta ìjì, ó ń ju ohun èlò kan náà sílẹ̀. Wíwo ìta yìí ló ń ran àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀nà lọ́wọ́ jù, nítorí ìjì kì í dá ara rẹ̀ gbé. Afẹ́fẹ́ ńlá tó yí i ká ló ń gbé e. Lórí àríwá Àtìláńtíìkì, afẹ́fẹ́ wíwúwo gbalasa kan máa ń jókòó láàárín Azores àti Bermuda. Gúúsù rẹ̀ ni ìjì ń gbà lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Níbi tí afẹ́fẹ́ wíwúwo náà bá ti tán, tàbí tó ti lálàfo, ibẹ̀ ni ìjì á ti yí sí àríwá, títí afẹ́fẹ́ mìíràn tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn á fi gbé e lọ sí ìhà Yúróòpù.

Afẹ́fẹ́ wíwúwo tó wà lókè Irma le gan-an débi pé ó tì í sísàlẹ̀ díẹ̀, ó gba ìwọ̀-oòrùn gúúsù fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó tún orí gbé sókè. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ó kọlu Barbuda pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kìlómítà bíi 287 ní wákàtí kan. Láti ibẹ̀, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé yóò rìn létí àríwá Kúbà, wọ́n sì mọ̀ pé yóò yí sí àríwá nígbà tó bá yá, nítorí afẹ́fẹ́ mìíràn ń ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà bọ̀ wá ya àlàfo fún un. Ìgbà wo gan-an ni yóò yí? Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Florida gùn, kò fẹ̀. Ìjì tó bá ti gúúsù wá gba ibẹ̀, tó bá yí ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú, Miami ló ń kọlù, ní ìlà-oòrùn; tó bá pẹ́ díẹ̀, Naples ni, ní ìwọ̀-oòrùn. Ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan lójú agbami ló wá di ìyàtọ̀ ìlú sí ìlú. Irma pẹ́ kó tó yí. Ó gun erékùṣù Cayo Romano ní Kúbà ní alẹ́ ọjọ́ 8, ó wọ Cudjoe Key ní Florida ní ọjọ́ 10, ó sì tún wọ ilẹ̀ ní Marco Island ní ìwọ̀-oòrùn. Ènìyàn tó ju mílíọ̀nù mẹ́fà ni wọ́n ní kó kúrò nílé ní Florida. Ẹni tó bá ní àṣìṣe ni wọ́n ṣe nítorí pé ìlà kúrò lórí Miami kò mọ ohun tó ń sọ.

Àwọn àgbà ìmọ̀ yìí ti mọ̀ nípa afẹ́fẹ́ òkè tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Ní Havana, àlùfáà Jesuit kan, Benito Viñes, ń wo ìkùukùu tín-ínrín tó ga jù lójú ọ̀run, bó ṣe ń ya kúrò lára ìjì tó ṣì jìnnà, ó sì ń gba ìròyìn láti erékùṣù dé erékùṣù. Ní oṣù Kẹsàn-án 1875 ló kéde ìkìlọ̀ ìjì rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìmọ̀ Kúbà yìí ni ilé iṣẹ́ ojú-ọjọ́ Amẹ́ríkà fojú tín-ínrín ní ọdún 1900. Wọ́n tilẹ̀ dènà tẹlígíráàfù tó ń gbé ìròyìn ìjì jáde láti Kúbà. Àwọn ará Kúbà ní ìjì náà ń lọ sí ìhà Texas. Washington ní yóò yí sí àríwá lọ sí Àtìláńtíìkì. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ó wọ Galveston, ó kéré tán ènìyàn 6,000 ló kú, àwọn òpìtàn mìíràn ní wọ́n lé ní 8,000. Ìgbéraga ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, mi ò ní fi sábẹ́ ahọ́n.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ńláńlá ló ń ṣe ìṣirò afẹ́fẹ́ gbogbo ayé. Ti Amẹ́ríkà ni GFS. Ti Yúróòpù ni ECMWF, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Reading, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tó mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí gan-an ní gbogbo ibi, ECMWF máa ń ṣe ìṣirò kan náà ní ìgbà 51, á yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Bí ìlà 51 náà bá sún mọ́ra, ọkàn á balẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́n ká, ìkìlọ̀ ni. Ní ilé iṣẹ́ National Hurricane Center ní Miami, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ń jókòó ti gbogbo èyí, tó ń pa á pọ̀, tó ń fi ìrírí rẹ̀ kún un, tó sì ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ tuntun jáde ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Bí kọ̀ǹpútà bá fo ìlà rẹ̀ lọ sí ọ̀tún ní òwúrọ̀, wọn kì í sáré tẹ̀ lé e. Díẹ̀ ni wọ́n ń sún, nítorí ó lè fò padà sósì ní ìrọ̀lẹ́, ìdàrúdàpọ̀ yẹn á sì ba ìgbẹ́kẹ̀lé ará ìlú jẹ́. Lópin ọdún, wọ́n á ṣírò àṣìṣe ara wọn, wọ́n á sì gbé e jáde fún gbogbo ayé. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí kò pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1990, àṣìṣe ọ̀nà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú máa ń tó 500 kìlómítà. Ní báyìí, kì í sábà tó 200.

Inú àṣìṣe ọdún márùn-ún tó kọjá ni wọ́n ti ń ya àwòrán tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo: ẹnu tín-ínrín níbi tí ìjì wà báyìí, ó wá ń fẹ̀ sí i títí dé ọjọ́ karùn-ún. Bí wọ́n bá ya irú àrọ yìí nígbà mẹ́ta, ìgbà méjì ni àárín ìjì ń dúró sínú rẹ̀. Ìgbà kẹta á bọ́ síta. Àrọ náà kò sì sọ bí ìjì ṣe fẹ̀ tó. Afẹ́fẹ́, òjò àti omíyalé lè kọjá etí rẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, nígbà tí ìjì Ian ń bọ̀ ní Florida, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lára ìlà tó dojú kọ Tampa. Fort Myers wà nínú àrọ, ṣùgbọ́n kò sí lórí ìlà. Apá ibẹ̀ ni ìjì gbà wọlé, omi òkun ya wọ àwọn ilé tí ènìyàn ṣì wà nínú wọn.

Agbára ńkọ́? Ọ̀nà wà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, sátẹ́láìtì rí i, kọ̀ǹpútà gbé e. Agbára wà lọ́wọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ògiri ojú ìjì, ní ibi tóóró. Ojú Wilma kò fẹ̀ ju kìlómítà mẹ́rin lọ, GFS sì pín ayé sí igun kìlómítà bíi 13: kò sí bó ṣe fẹ́ rí i. Ògiri tuntun tún lè yọ lẹ́yìn ti àtijọ́, kó fún un pa. Ìjì á rọ̀ fún wákàtí díẹ̀, á fẹ̀ sí i, á tún le. Irma ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Eruku gbígbẹ láti Sàhárà lè wọ inú rẹ̀ kó gba ọ̀rinrin ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjì tó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ á ro omi tútù jáde láti ìsàlẹ̀, á sì sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, àfi bó bá bọ́ sórí omi tó gbóná jinlẹ̀, bí Katrina ṣe ṣe ní Gulf of Mexico ní 2005.

Èyí tó ń bani lẹ́rù jù ni kí ìjì ṣàdédé le. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá fi nǹkan bí kìlómítà 55 ní wákàtí kan lé sí i láàárín ọjọ́ kan, wọ́n ti kà á sí èyí tó yára le. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá 2023, Otis kò tíì di hurricane rárá níwájú Acapulco, ní Mẹ́síkò. Kò sí kọ̀ǹpútà gbajúmọ̀ kan tó rí ohun tó ń bọ̀. Nígbà tí bàálù débẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n rí i pé ó ti le ju ohun tí sátẹ́láìtì ń sọ lọ. Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ náà, Category 5 ló wọ ìlú. Àwọn tó sùn ní Acapulco ní alẹ́ yẹn kò rí ọjọ́ kan péré láti fi múra.

Nǹkan ń yí padà. Bàálù NOAA ní rédà nídìí tó ń ya inú ìjì, ìròyìn rẹ̀ sì ń wọ inú HAFS, ètò ìṣirò tuntun tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023, tó ń wo ìjì fúnra rẹ̀ ní igun kìlómítà díẹ̀. Ní 2025, Google DeepMind gbé tirẹ̀ jáde, tó jẹ́ pé inú àkọsílẹ̀ ìjì àtijọ́ ló ti kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ National Hurricane Center ní Miami ti fi í kún àwọn tí wọ́n ń wò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti kìlọ̀ pé ìjì Melissa yóò yára le ní gúúsù Jàmáíkà. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó wọ Jàmáíkà ní ọjọ́ 28 ní Category 5. Ṣùgbọ́n Melissa kan kò fi hàn pé Otis mìíràn kò ní í wáyé.

Ohun kan kù tó kàn wá. Ìṣirò kò lè dára ju ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ìjì yìí sì wà lókè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí bàlúùnù ojú-ọjọ́ tí wọ́n ń jù sókè kò ti pọ̀. Ní 2006, nígbà AMMA, iṣẹ́ ìwádìí lórí òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n jù wọ́n léraléra láti Abuja, Parakou, Cotonou, Niamey àti Tamale. Owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tó ohun tí ìjì kan ń bà jẹ́. Ó yẹ kí ìjọba wa àti àwọn tí ìjì ń jà lọ́dọ̀ wọn jọ gbé e kalẹ̀ kó má dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Houston, ní New Orleans, ní Miami àti Tampa, bí ìjì bá tún gbéra láti ẹ̀bá Cape Verde, ẹ má wo ìlà tó wà láàárín àrọ. Ẹ wo àrọ náà látòkè délẹ̀, ẹ tún wo àwòrán ibi tí omi òkun lè ya dé, ẹ sì múra fún ipele kan lókè èyí tí wọ́n bá pè é. Bí ìjọba ibẹ̀ bá ní kí adúgbò yín kúrò, ẹ kó àwọn ọmọ àti àwọn àgbà sọ́kọ̀, kí ẹ máa lọ lọ́jọ́ náà.